Ọmọ Tó Ti Gbéyàwó àti Adójútòfò Ìlera Òbí Rẹ̀: Òfin Wo Ló Lágbára?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Orúkọ ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, wà lórí adójútòfò ìlera tí mo ní níbi iṣẹ́. Ó gbéyàwó láìpẹ́ yìí, ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa sì sọ pé òfin ìpínlẹ̀ kò gba kí ọmọ tó ti gbéyàwó wà lábẹ́ òbí mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Bí òfin ìjọba àpapọ̀ bá sì ga ju ti ìpínlẹ̀ lọ, kí ló dé tí àwọn ìpínlẹ̀ ṣì ń tún òfin tiwọn ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera (Affordable Care Act) tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2010 sọ pé ètò adójútòfò tó bá ti ń gba ọmọ òṣìṣẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ náà wà níbẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 26. Ìbáà ti gbéyàwó, ìbáà ti kó kúrò nílé, ìbáà ti máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ kò sí dandan fún ètò yín láti gba ìyàwó rẹ̀, tàbí ọmọ tí wọ́n bá bí.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò ṣàdédé sọ ọ́. Láti 1945 ni òfin McCarran-Ferguson ti ìjọba àpapọ̀ ti fi àbójútó iṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti ní òfin lórí ọmọ tó ti dàgbà kí 2010 tó dé, tí àwọn kan ń béèrè pé kó jẹ́ àpọ́n tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Òfin Obama kò gba àbójútó náà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Ìpínlẹ̀ lè fún ará ìlú ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí New Jersey ṣe fún àwọn ọmọ kan tí wọ́n jẹ́ àpọ́n láyè títí wọn yóò fi pé ọdún 31, ṣùgbọ́n kò lè fún wọn ní ohun tó dín.

Ìdí tí wọ́n fi ń tún òfin tiwọn ṣe, lójú tèmi, kò ju ọ̀rọ̀ ta ni yóò jà fún yín lọ. Kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó adójútòfò ní ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ìwé àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ wò, tó sì ń bu owó ìtanràn lé wọn, àmọ́ agbára tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá fún un ló lè lò. Níbi tí wọn kò bá ti fún un, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ CMS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní 2014 ní Texas, Oklahoma àti Wyoming. Ẹ̀tọ́ yín kò dín, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹni tí ẹ máa ké sí jìn sí i. Àwọn mìíràn tún òfin tiwọn ṣe nítorí ìbẹ̀rù pé ilé ẹjọ́ lè fagi lé òfin Obama: Texas fúnra rẹ̀ ló ṣáájú àwọn ìpínlẹ̀ tó pe òfin Obama lẹ́jọ́, kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó da ẹjọ́ náà nù ní oṣù Kẹfà 2021 pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti pè é.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún yín. Agbanisíṣẹ́ ńlá, pàápàá ilé ìwòsàn, sábà máa ń fi owó ara rẹ̀ san owó ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì yín yóò kàn máa bá a ṣe ètò ìwé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ti ìjọba tàbí ti ìjọ, ERISA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1974 lórí ètò àǹfààní òṣìṣẹ́, kò jẹ́ kí òfin adójútòfò ìpínlẹ̀ kan ètò náà rárá, kódà bí Texas bá tún tirẹ̀ ṣe lọ́la. Òfin ọdún 26 ṣì dè é. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní Summary Plan Description, ìyẹn ìwé tó ṣàlàyé ètò náà, ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí ẹni tó ń san owó náà. Bí ètò náà bá jẹ́ ti agbanisíṣẹ́ aládàáni tó ń fi owó ara rẹ̀ san án, Department of Labor, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni ẹ máa kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì adójútòfò ìpínlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọ́fíìsì yín kọ ìdí tí wọ́n fẹ́ fi yọ ọmọ yín sínú ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń parí nígbà tí ẹni tó sọ ọ́ bá ní láti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ọmọ yín bá pé ọdún 26, ó ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí adójútòfò yín bá dá dúró láti ra tirẹ̀ lórí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń ra adójútòfò, láìdúró de àkókò ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún. Bí ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá lè gbà á, 30 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un níbẹ̀.