Oore-ọ̀fẹ́ Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Fi Ààwẹ̀ Rà Padà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá Àlùfáà. Ìrẹsì Ìgbẹmọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi kóńgò tí wọ́n lù nídìí wọnú wọn ọjà fún àwọn oníbàárà. Níbi ìsọjí kan, mo sunkún, mo jẹ́wọ́, mo sì jáwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà kò yá mọ́, mo tún padà sí i. Wòlíì kan wá sọ pé oore-ọ̀fẹ́ ti kúrò lórí mi, pé kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ 21, kí n sì ra òróró ₦30,000 kí ó lè padà. Mo ti san ìdajì. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ní a kò sí lábẹ́ òfin mọ́, kí n yé da ara mi láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọgbẹ́ inú. Ṣé mo lè máa mu omi díẹ̀ sí ààwẹ̀ náà, tí oore-ọ̀fẹ́ yóò ṣì padà?

ÌDÁHÙN: Ìyá, ẹ dá ààwẹ̀ náà dúró lónìí. Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí ẹ kọ nìkan ni mo sì rí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú gba ààwẹ̀ gbígbẹ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ń gbààwẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.

Ó wá ku ìbéèrè yín. Ẹ ń béèrè bí oore-ọ̀fẹ́ yóò ṣe padà, ṣùgbọ́n ta ló ní ó lọ? Irú ọ̀rọ̀ yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi láti Ìkẹ́rẹ́, láti Ìjerò, láti Ìkọ̀lé, bákan náà ni gbogbo wọn sì rí: ẹnì kan ṣubú, wọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ ti jò dànù lára rẹ̀, wọ́n sì dá iye tí yóò fi rà á padà lé e lórí. Ó ń bí mi nínú gidigidi, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Oore-ọ̀fẹ́ ni ojúrere Ọlọ́run sí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ ní Róòmù 4:4 pé ohun tí a bá ṣiṣẹ́ fún, owó iṣẹ́ ni, gbèsè ni wọ́n ń san. Ní Éfésù 2:8, ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàlà wa. Bí ọjọ́ 21 láìjẹ láìmu bá lè mú un wá, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ fún un nìyẹn, Ọlọ́run wá di ẹni tó jẹ yín lówó. Kò sí ibì kankan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí àpọ́sítélì kan ti ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ san owó kí Ọlọ́run tó tún yíjú sí i. Èyí tó jọ ọ́ jù, ọ̀rọ̀ Símónì oṣó ní Samáríà ni, Ìṣe 8. Ó gbé owó wá láti ra ẹ̀bùn Ọlọ́run. Pétérù kò dá iye kankan lé e lórí. Ó ní kí owó rẹ̀ ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ní kí ó ronú pìwà dà, kí ó gbàdúrà fún ìdáríjì. Ẹ lè ka ẹsẹ̀ 20 sí 22 fún wòlíì yín.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òní. Àwọn ará Gálátíà gba Jésù tán, àwọn kan wá sọ fún wọn pé kò tíì tó, pé ó ku ìkọlà. Inú bí Pọ́ọ̀lù débi pé ó pè wọ́n ní aláìnírònú. Ó bi wọ́n pé, ohun tí Ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀, ṣé agbára ara yín lẹ fẹ́ fi parí rẹ̀? Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, olùkọ́ ìsìn Kristi kan tó ń jẹ́ Pelagius ń kọ́ni pé ènìyàn lè fi agbára ara rẹ̀ pa òfin Ọlọ́run mọ́. Áfíríkà ni wọ́n ti dá a lóhùn jù lọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí, kọ̀wé takò ó, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage lọ́dún 418 sì kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìjọ ti kọ̀ láti ìgbà yẹn ni wọ́n tún rọ sínú ìgò òróró fún yín.

N kò bá ààwẹ̀ jà o. Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù ìsọjí, gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, gbogbo Èkìtì ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìsọjí ọdún 1930 kúrò ní Iléṣà dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àwọn ènìyàn kó oògùn wọn jáde, wọ́n sun ún. Oògùn tí wọ́n sun kọ́ ni wọ́n fi ra ìdáríjì. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ni wọn kò ṣe lè fi oògùn pamọ́ sínú yàrá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Éfésù, Ìṣe 19: àwọn tó ti gbàgbọ́ ló kó ìwé idán wọn jáde wá sun. Èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e? Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Òfin Mẹ́wàá pàápàá, ẹ wò ó. Ẹ́kísódù 12 ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn, Ẹ́kísódù 14 ni òkun pínyà, ó di Ẹ́kísódù 20 kí òfin tó dé. Kí Ọlọ́run tó sọ pé “ìwọ kò gbọdọ̀”, ó kọ́kọ́ sọ pé òun ni ó mú wọn jáde kúrò ní oko ẹrú. Kò gbé òfin lọ bá wọn ní Íjíbítì pé bí wọ́n bá pa á mọ́ dáadáa, òun yóò wá tú wọn sílẹ̀. Ọmọ onílé àti alágbàṣe lè jọ kọ ebè ní oko kan náà, kí òógùn bo àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n alágbàṣe ń wo owó ìrọ̀lẹ́, ọmọ mọ̀ pé oko bàbá òun ni.

Ti ọ̀rẹ́ yín kò gba àkókò. Ẹsẹ̀ tó ń tọ́ka sí, Róòmù 6:14, kò ju ẹsẹ̀ kan lọ síbi tí Pọ́ọ̀lù ti béèrè bóyá kí a máa dẹ́ṣẹ̀ nítorí pé a wà lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́, tó sì fèsì pé kí a má rí i. Títù 2:11-12 ní oore-ọ̀fẹ́ gan-an ló ń kọ́ wa láti kọ àìwà-bí-Ọlọ́run sílẹ̀. Kóńgò tí a lù nídìí ṣì jẹ́ ìríra lójú Olúwa bí Òwe 11:1 ti wí.

Nítorí náà, ẹ ní iṣẹ́ láti ṣe, ìyá, iṣẹ́ tó le ju òróró lọ. Sákéù, olórí agbowó-orí, ni kí ẹ wò, Lúùkù 19. Jésù ti ní òun óò wọ̀ sí ilé rẹ̀ kí ó tó dá kọ́bọ̀ kan padà. Lẹ́yìn náà ló dìde pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun óò san án padà nílọ́po mẹ́rin. Ìsapá rẹ̀ kò pe Jésù wálé. Jésù tó wọlé ló jẹ́ kí ó lè sapá. Fílípì 2:12-13 so méjèèjì pọ̀: ẹ ṣiṣẹ́, nítorí Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ nínú yín. Ìyẹn ni a ń pè ní ìsọdimímọ́.

Ẹ gbé kóńgò yẹn sọnù, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ra èyí tí kò lábùkù. Bó bá gba kí ẹ fi owó díẹ̀ lé ìrẹsì kí ó lè mú èrè wá fún yín, ẹ sọ iye rẹ̀ sójú, kí oníbàárà yan èyí tó wù ú. Àwọn oníbàárà tí ẹ mọ̀, olóúnjẹ tó ń rà lọ́dọ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ bù lé e fún wọn. Númérì 5:7 ní kí a dá owó padà pẹ̀lú ìdá márùn-ún rẹ̀ lórí. N kò sọ ọ́ di òfin lé yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìwọ̀n tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹ kò lè dá mọ̀ mọ́, ẹ fi tiwọn ṣàánú fún aláìní. Bí ẹnì kan bá na ẹsẹ̀ 8 ibẹ̀ sí yín pé àlùfáà ló ni owó náà, ẹ sọ fún un pé ọ̀ràn ẹni tí a ṣẹ̀ tí kò ní ìbátan ni ẹsẹ̀ yẹn ń sọ, kò sọ nípa òróró. N kò gbọ́ ẹnu àwọn oníbàárà yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àlùfáà ìjọ yín tó mọ̀ yín jókòó tì yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì lè tún ṣubú. Bí ọjà bá tún tutù, ọwọ́ lè tún fẹ́ lọ sí ìdí kóńgò. Lọ́jọ́ náà, ẹ padà sọ́dọ̀ Bàbá yín kíákíá, ẹ jẹ́wọ́, ẹ dìde. Kò sí owó ẹnubodè lójú ọ̀nà yẹn.

₦15,000 tó kù, ẹ má fi ránṣẹ́ sí wòlíì náà. Inú rẹ̀ ni kí ẹ ti mú owó tí ẹ máa bù lé e fún olóúnjẹ yẹn.