Ẹ Bi Ìyá Alófì: Ọjọ́ mẹ́ta láàrin òkúta Angkor

Látìgbà tí mo ti sọ nínú ìwé ìròyìn yìí pé mo dé Cambodia, orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Éṣíà, lẹ́tà ò yéé wọlé. Mẹ́ta ni mo mú lára wọn lóṣù yìí.

Ìbéèrè: Ìyá Alófì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Bangkok ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá wa pé ká wá kí òun lóṣù Kejìlá. Ó fẹ́ ká ya Siem Reap, ìlú kan ní Cambodia, fún ọjọ́ mẹ́ta, ká wo àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí àwọn Khmer, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, kọ́ sí Angkor. Àwọn tó máa mú wa káàkiri ti fi ètò ránṣẹ́: tẹ́ńpìlì mọ́kànlá. Ìyá wa ti pé ọdún 68, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Ṣé ètò yìí dára?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mọ́kànlá ti pọ̀ jù. Sọ fún wọn pé mẹ́rin lẹ fẹ́: Angkor Wat, Bayon, Ta Prohm àti Banteay Srei. Kí wọ́n fi àkókò tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 tí èmi lọ, tẹ́ńpìlì márùn-ún ni wọ́n kó wa gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aago méjì ọ̀sán la dé Angkor Wat. Òkúta ti gbóná débi pé èèyàn ò lè fara tì í, amọ̀nà wa ò sì gbójú kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀. Lálẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì, mo fẹ́ ròyìn ohun tí mo rí fún ọmọ mi lórí fóònù, àṣé gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ra wọn lórí mi. Owó tí mo fi ọdún méjì kó jọ nídìí aṣọ títà ni mo ná sí ìrìn àjò yẹn. Ó dùn mí wọra. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sọ fún wọn pé èmi ò bá wọn yí kiri mọ́. Mo háyà kẹ̀kẹ́ tiwọn, ìyẹn ọ̀kadà tí wọ́n so ọmọlanke oníbòrí mọ́ lẹ́yìn, mo wo Bayon àti Ta Prohm láìkánjú. Lọ́jọ́ kẹta, aago márùn-ún ìdájí ti bá mi lẹ́nu ọ̀nà Angkor Wat.

Ìdájí bẹ́ẹ̀ ni kó o mú ìyá rẹ lọ. Ìwọ̀ oòrùn ni Angkor Wat kọjú sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Àwọn ilé gogoro márùn-ún yẹn á kọ́kọ́ dúdú bí èédú, lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́yìn wọn. Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ, ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, fún Vishnu, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá di ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Yàrà tó yí i ká fẹ̀ tó mítà 190, omi sì kún inú rẹ̀. Èmi tí wọ́n fi ìtàn odi àti yàrà Ọ̀yọ́-Ilé tọ́ dàgbà, nígbà tí mo dúró létí omi yẹn, ara mi bù máṣọ. Ohun tí mi ò retí ni pé òkúta oníyanrìn tí wọ́n fín ló wà lójú, ṣùgbọ́n yangí ló pọ̀ nínú ìpìlẹ̀ àti nínú ògiri ọgbà. Yangí, irú èyí tó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa nílé! Òkúta oníyanrìn yẹn ni wọ́n ń gbé wá láti apá òkè Kulen, orí omi sì ni wọ́n ń gbé e gbà.

Orúnkún kò ní kí ìyá rẹ má gbádùn ibẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lọ sókè pátápátá ni kí wọ́n má gùn, ó ti dúró ṣánṣán jù. Ìsàlẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níhà ìlà oòrùn, lápá gúúsù, iṣẹ́ fífín kan wà lára ògiri tó gùn tó bíi mítà 49. Àwọn òrìṣà 88 wà lápá kan, àwọn asura 92 tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá wọn wà lápá kejì. Ejò ńlá ni wọ́n fi ṣe okùn, wọ́n wé e mọ́ òkè, wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn kí òkè náà lè máa po òkun títí omi àìkú á fi jáde. Fi ìyá rẹ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n máa wo bí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ṣe tẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo. Òjìji wà. Ẹ rọra rìn, ẹ dúró sinmi, ẹ tún rọra rìn.

Ti Bayon, ojú òkúta tó ju 200 lọ ló ń wo èèyàn látorí àwọn ilé gogoro rẹ̀, òun sì ni gbogbo ayé ń ya fọ́tò. Jọ̀wọ́, má fojú fo ògiri ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó gbẹ́ ẹ gbẹ́ ará ìlú sí: obìnrin lọ́jà, àwọn ọkùnrin tó ń fi àkùkọ jà, àwọn tó ń dáná. Wákàtí kan gbáko ni mo lò níwájú àwọn ọlọ́jà yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ta Prohm ni ibi tí gbòǹgbò igi ti di ògiri mú. Ọba Jayavarman Keje tó kọ́ Bayon ló kọ́ ọ ní 1186, ó fi ṣe ẹ̀yẹ fún ìyá rẹ̀. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Wákàtí kan ti tó.

Banteay Srei jìnnà díẹ̀, ó tó wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó kéré gan-an, kì í ṣe ọba ló kọ́ ọ, ìjòyè ọba kan tó ń jẹ́ Yajnavaraha ni, wọ́n sì ṣí i ní 967. Òkúta rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n fín in bí ẹni fín igi, òdòdó lórí òdòdó, ewé nínú ewé. Bàbá mi fín igbá l'Ọ̀yọ́ títí ojú wọn fi ṣe bàìbàì, wọn ò sì fẹ́ kí àyè kankan ṣófo lára igbá. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí i pé ẹni tó fín in kò fi àyè kankan sílẹ̀. Mo pe orúkọ bàbá mi sókè. Amọ̀nà rò pé nǹkan ń ṣe mí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ dọ́là 62, ti ọjọ́ kan jẹ́ 37. Ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ lè lò ó láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, kò pọn dandan kó tẹ̀ léra. Wọ́n máa ya fọ́tò yín sára rẹ̀, nítorí náà ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ parí ọ̀rọ̀ físà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì mú yẹ́lò káàdì dání.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá Alófì. Mùsùlùmí ni mí, Ọ̀yọ́ níbí ni mo ń gbé. Ó wù mí kí n lọ wo ibi tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ilé òrìṣà ni. Ṣé wọ́n máa ní kí n foríbalẹ̀? Kí ni mo sì máa jẹ?

Ìdáhùn: Àdùkẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ní kí n foríbalẹ̀ o. Àwọn èèyàn ṣì ń gbàdúrà ní Angkor Wat lóòótọ́, ẹ máa rí àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn Búdà, nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Ẹ kàn bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ń bọ́ ọ, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan mọ́ǹkì kankan, torí obìnrin kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ti oúnjẹ, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Cham wà ní Cambodia, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń se hàláàlì. Ìrẹsì àti ẹja odò ló pọ̀ jù. Wọ́n ní ohun kan tó ń jẹ́ amok, ẹja tí wọ́n pò mọ́ wàrà àgbọn, tí wọ́n sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú mi, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé ni mo rò pé ó jẹ́. Prahok, ẹja tí wọ́n jẹ́ kó kan, ń rùn ju irú lọ, ṣùgbọ́n bí irú gan-an ló ṣe ń mú ọbẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà o. Ìdílé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ ni mo ti ń hun báyìí. Ẹ sọ fún wa nípa àwọn ahunṣọ ibẹ̀. Ṣé òfì wọn jọ tiwa? Ṣé èèyàn lè rí ojúlówó aṣọ rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, lẹ́tà yìí ni mo ti ń retí.

Puok ni mo lọ, abúlé kan tí kò jìnnà sí Siem Reap, níbi tí àwọn Artisans Angkor, ilé iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan, ti ń sin kòkòrò ṣẹ́dà. Wọn ò gbowó ìwọlé lọ́wọ́ mi. Ewé mọ́bẹ́rì ni wọ́n fi ń bọ́ kòkòrò náà, ilé tó sì ń kọ́ sára pọ́n bíi wúrà. Wọ́n ń sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n á wá rọra máa fa òwú jáde lára rẹ̀. Sányán ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n inú igbó ni wọ́n ti ń wá kòkòrò tiwa, tiwọn ń jẹun nínú atẹ bí ọmọ adìyẹ.

Obìnrin ló ń hun. Aṣọ wọn ò rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiwa, ó fẹ̀ tó bíi mítà kan, kò sí pé à ń rán an pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní hol ló gbà mí lọ́kàn. Àwa tá à ń ṣe àdìrẹ, aṣọ tí wọ́n ti hun tán là ń dì ká tó rẹ ẹ́. Àwọn, òwú tí ọ̀kọ̀ ìhunṣọ máa gbé gba àárín àwọn òwú tó nà sórí òfì kọjá ni wọ́n ń dì ní kókó, kókó, kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì, wọ́n á tún un rẹ fún àwọ̀ mìíràn. Ìgbà tí wọ́n bá tó hun ún ni àwòrán á yọ. Bí òwú kan bá yẹ̀ bí irun, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn. Omú mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń gbé òwú sókè sódò lórí òfì, ni wọ́n fi ń hun ún, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń mọ́lẹ̀ lójú kan ju ìkejì lọ. Kòkòrò kan tó ń gbé lára igi ló ń fún wọn ní pupa. Ẹ̀lú, wọ́n ní i.

Iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Láti 1975 sí 1979 tí àwọn Khmer Rouge, ẹgbẹ́ kọ́múníìsì ilẹ̀ náà, fi ṣèjọba, wọ́n lé àwọn èèyàn lọ sóko tipátipá, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kú, ọ̀pọ̀ ahunṣọ sì bá a lọ. Ní 1996, aláró ọmọ Japan kan, Kikuo Morimoto, gbé ilé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ fún aṣọ àwọn Khmer. Àwọn ìyá àgbà tó ṣẹ́ kù lábúlé ló wá kàn, àwọn ló sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, iye àwọn tó ṣì mọ igbá fín l'Ọ̀yọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Nínú ọmọ márùn-ún tí bàbá mi bí, kò sẹ́ni tó fín igbá. Èmi wà lára wọn.

Ti rírà: mo ra ìborùn kan nínú ọjà, ẹni tó tà á búra pé ṣẹ́dà ni. Lálẹ́, mo fa òwú kan yọ létí rẹ̀, mo fi iná kàn án. Ó yọ́, ó ká jọ bíi rọ́bà. Ẹ mọ̀ pé ojúlówó ṣẹ́dà ń rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ sì ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tó bá ń ta ojúlówó á fún yín ní òwú tẹ́ ẹ máa dán wò. Bí owó ò bá tó, ẹ ra krama, ìborùn òwú onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí tọmọdé tàgbà wọn ń lò. Kò wọ́n.

Mo mú ìrépé etù kan dání lọ láti Ọ̀yọ́. Ní Puok, mo nà án sí ìyá kan tó jókòó sídìí òfì, ó lè ju mí lọ ní ọdún mẹ́wàá. Kò wo ojú aṣọ, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yí i sí, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ó fi èékánná tọ òwú rẹ̀, ó ka nǹkan lábẹ́ ahọ́n, ó wá béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà pé kí ni mo fi rẹ ẹ́. Mo ní ẹ̀lú. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, àró wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo fi etù náà sílẹ̀ fún un, ó gé ìrépé hol fún mi. Ó wà lára ògiri ní ìsọ̀ mi l'Akẹ̀sán. Ẹ wá lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án.