Kí ni ìtumọ̀ orúkọ ìdílé Lefebvre, níbo ló sì ti wá?

"Alágbẹ̀dẹ" ni ìtumọ̀ Lefebvre, ilẹ̀ Faransé ló sì ti wá. Faber èdè Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn oníṣẹ́ ọwọ́, pàápàá ẹni tó ń rọ irin. Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di fevre.

Lẹ́tà b inú rẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, òun náà ló sì dùn jù nínú ìtàn rẹ̀. A kì í pè é: bákan náà ni Lefebvre àti Lefèvre ń dún lẹ́nu. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ ló fi b síbẹ̀ kí orúkọ náà lè jọ faber. Nígbà yẹn, u àti v kò yàtọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ. Àwọn kan ka v sí u, bí Lefébure ṣe jáde nìyẹn.

Àríwá Faransé ni orúkọ Lefebvre pọ̀ sí jù, ó sì wọ́pọ̀ ní Quebec ní Kánádà. Ní gúúsù Faransé, Fabre tàbí Faure ni wọ́n ń jẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Lefebvre ló jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ọ̀pọ̀ abúlé ló ní alágbẹ̀dẹ tirẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀.