Báwo ni a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín tequila blanco, reposado àti añejo?

Tequila ni ọtí líle ilẹ̀ Mexico tí wọ́n ń fi ewéko agave ṣe. Iye àkókò tí ọtí lò nínú àgbá igi ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Blanco kì í tó oṣù 2, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ fojú kan àgbá. Reposado ń lo oṣù 2 ó kéré tán, añejo ọdún 1.

Blanco ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, torí kò sí igi tó máa bo àṣìṣe rẹ̀. Ẹ ó gbóòórùn agave tí wọ́n sè, bí òdùnkún sísun, ata díẹ̀ sì máa ta yín lẹ́nu. Añejo ń mú òórùn fanílà àti igi wá. Èmi kì í fẹ́ kí igi borí agave. Ẹ má fi àwọ̀ ọtí mọ bó ṣe pẹ́ tó nínú àgbá o, òfin gbà wọ́n láyè láti fi karamẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn èèyàn máa ń fi mu ún sílẹ̀ ná. Bí ara ìgò kò bá sì sọ 100% agave, wọ́n lo ṣúgà mìíràn mọ́ ti agave láti ṣe é.