Ṣé òótọ́ ni pé Emmanuel Amuneke gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona kó tó di kóòṣì àwọn ọ̀dọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Zamalek ní Íjíbítì àti Sporting ní Pọtogí, kó tó dé Barcelona lọ́dún 1996. Orúnkún tó fi ṣèṣe níbẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́ fún un. Àmọ́ ó ti ṣe bẹbẹ kó tó débẹ̀: lọ́dún 1994, òun nìkan ló gbá góòlù méjèèjì tí Nàìjíríà fi na Zambia ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, góòlù rẹ̀ ló sì jẹ́ ká gba wúrà Òlíḿpíìkì 1996 lọ́wọ́ Ajẹntínà, 3–2. Ta ló lè gbàgbé ọjọ́ yẹn!

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, igbákejì Manu Garba, tó jẹ́ kóòṣì àgbà nígbà náà, ló jẹ́ nígbà tí Golden Eaglets, ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ ní 2013. Ní 2015, òun fúnra rẹ̀ ni kóòṣì àgbà, wọ́n tún gba ife náà ní Chile, wọ́n na Mali 2–0. Abẹ́ rẹ̀ ni Victor Osimhen wà nígbà tó gbá góòlù 10 nínú ìdíje yẹn. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí kò kéré sí góòlù wúrà yẹn rárá.