Àtọ̀ mi ṣàn bí omi, ṣé ọmọ ni mò ń dà nù?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 31 ni mí, ó ti lé lọ́dún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo gbéyàwó, kò tíì lóyún. Àtọ̀ mi ṣàn bí omi, tá a bá ṣe tán tí ìyàwó mi bá dìde báyìí, ó máa ń tú jáde lára ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ ta àgbo kiri àdúgbò wa ní ọmọ ni mò ń dà nù bẹ́ẹ̀, ó ní kí n mú 45,000 náírà wá fún àgbo ọjọ́ méje tó máa jẹ́ kó ki bí ògì. Mo tún sọ fún un pé ẹpọ̀n mi ti òsì wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ó ní ìpá ló ń bọ̀. Ẹ gbà mí mà, kí n san án àbí kí n má san án?

Ìdáhùn: Má san án.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀ kí n padà sídìí iṣẹ́ mi, àmọ́ ìbéèrè yìí ti ń sú mi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, owó tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ yín ń pọ̀ sí i. Kí n tètè sọ ọ́ o, iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń jókòó sídìí máíkírósíkóòpù tí wọ́n bá gbé àtọ̀ wá, èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí mo bá kọ síbí ò lè dípò kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀.

Àbúrò, ohun tó ń daamú gbogbo yín ni pé ẹ rò pé àtọ̀ àti sípáàmù, ìyẹn ohun tó ń fún obìnrin lóyún gan-an, nǹkan kan náà ni. Àwa náà la fa á, "àtọ̀" la ń pe méjèèjì. Wò ó bí ọkọ̀ èrò. Omi tó ò ń fojú rí yẹn, ọkọ̀ ni. Sípáàmù lèrò inú ẹ̀, wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan nínú wọn, tá a bá sì kó gbogbo wọn jọ, wọn ò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún omi yẹn lọ. Ṣé èèyàn lè dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tí gíláàsì ẹ̀ dúdú kó máa ka èrò inú ẹ̀?

Inú kórópọ̀n làwọn èrò ti ń wá. Iṣẹ́ méjì ni kórópọ̀n ń ṣe, ó ń ṣe sípáàmù, ó sì ń ṣe testosterone, ìyẹn èròjà tó ń mú kí irùngbọ̀n hù kí ohùn sì ki. Kí sípáàmù kan tó pé, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń lọ bí oṣù méjì ààbọ̀, rántí iye yẹn o, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀. Tó bá kúrò níbẹ̀ á wọ epididymis, iṣan wẹ́wẹ́ kan tó ká jọ sẹ́yìn kórópọ̀n, tí wọ́n bá nà án tán ó tó mítà mẹ́fà, inú ẹ̀ ló ti ń gba agbára tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. (Àwọn kan á fọwọ́ kan ibẹ̀ wọ́n á sáré wá pé àwọn ti ní kókó, ẹ jọ̀ọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, àmọ́ tó bá le bí òkúta tàbí tó ń tóbi sí i, ìyẹn yàtọ̀, ọsibítù lẹ ń lọ.) Látibẹ̀ okùn kan tí wọ́n ń pè ní vas deferens á gbé e gòkè wọnú ikùn, á gba ẹ̀gbẹ́ àpò ìtọ̀ kọjá, ibẹ̀ ló ti máa wá pàdé omi.

Omi yẹn ńkọ́? Kórópọ̀n kọ́ ló ń ṣe é o! Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀, àwọn àpò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀ ló ń ṣe é, ó ní ṣúgà nínú, oúnjẹ ojú ọ̀nà ni. Èyí tó kù, prostate ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀, kò ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ, òun náà ló máa ń fún ọ̀nà ìtọ̀ àwọn bàbá wa pa tí wọ́n bá dàgbà. Torí náà ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kórópọ̀n ń ṣiṣẹ́ tó wá ń wo bí omi ṣe ki, ilé onílé ló ń kàn.

O fẹ́ ẹ̀rí? Àwọn ọkùnrin tó ti fètò sọ́mọ bíbí, tí wọ́n ti gé okùn vas yẹn tí wọ́n sì dí i, tó bá ti lé lóṣù mẹ́ta dáadáa tí wọ́n da àtọ̀ sílẹ̀, o ò lè fojú mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ó ki bó ṣe ń ki tẹ́lẹ̀, ó pọ̀ bó ṣe ń pọ̀, kò sí sípáàmù ẹyọ kan nínú ẹ̀. Èmi náà ti gba èyí tó ki tó funfun tẹ́ni tó gbé e wá ń fi yangàn, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, òfo, mo fi ẹ̀rọ yí i kí n tún wò ó, òfo. Èyí tó ṣàn bí omi ẹ̀kọ, tẹ́ni tó ni ín ti ń tọrọ gáfárà kí n tó gbà á, wọ́n kún inú ẹ̀ wọ́n ń sáré kiri.

Ó ṣì kù. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ó máa ń dì bí jẹ́lì, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 èròjà kan láti prostate á tú u, á ṣàn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí tó bá kọ̀ tí kò ṣàn lẹ́yìn wákàtí kan, òun gan-an là ń kọ sínú résọ́ọ̀tì pé nǹkan ń ṣe é. Ìyẹn ni pé 45,000 tí ọkùnrin yẹn ń bèèrè, ó fẹ́ fi bá ẹ ra àléébù.

Mi ò sọ pé ṣíṣàn ò lè nítumọ̀ rárá o, sípáàmù tó kéré lè jẹ́ kó ṣàn, kéèyàn máa ṣe é lójoojúmọ́ náà lè jẹ́ kó ṣàn. Ojú ò lè kà á ni mò ń sọ. Tó o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀ tàbí tó ń rùn, má dúró ka ohun tí mo kọ, ọsibítù ni.

Èyí tó ń tú jáde lára ìyàwó ẹ, ti gbogbo èèyàn ló ń tú jáde, títí kan àwọn tó bí ìbejì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọn tó máa wọlé ti gba ẹnu ilé ọmọ wọlé. Èrò ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ tó ṣófo lò ń rí. Sọ fún un kó yéé gbẹ́sẹ̀ lé ògiri, mo mọ̀ pé wọ́n ti ní kó máa ṣe é.

Ẹpọ̀n tó wálẹ̀ ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ ọkùnrin rí, ti òsì ló sì sábà ń wálẹ̀. Àmọ́ tó bá ń wú, tàbí tó o bá dìde dúró tó dà bíi pé ekòló ká jọ sínú ẹ̀, jẹ́ kí dókítà wò ó. Tó bá ṣàdédé dùn ẹ́ gidi gan-an, kórópọ̀n lè ti lọ́ yẹn, bí wákàtí mẹ́fà péré lo ní kó tó bàjẹ́, òru o, ọ̀sán o, lọ.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ: ẹ ti lé lọ́dún kan, ó tó tẹ́ẹ̀sì, ìwọ àti ìyàwó ẹ, kì í ṣe òun nìkan. Fi ọjọ́ méjì sí méje má da àtọ̀ kankan sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ gbà á fún tẹ́ẹ̀sì, má lo ọṣẹ, má lo itọ́, má lo kọ́ńdọ̀mù, inú ike tí láàbù fún ẹ ni gbogbo ẹ̀ máa wọ̀, tó bá dà nù díẹ̀ sọ fún wa, pàápàá èyí tó kọ́kọ́ jáde, ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí jù. Tó bá jẹ́ ilé lo ti ṣe é, fi í mọ́ra kó má tutù, kó dé ọ̀dọ̀ wa kí wákàtí kan tó pé. Nínú ìwé tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2021, iye tí wọn ò fẹ́ kó kéré sí ni àtọ̀ mílílítà 1.4 (kò tó ìlàjì ṣíbí tíì) àti sípáàmù mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan. Tí tìẹ bá kéré sí i, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé o ò lè bímọ, wọ́n á tún tẹ́ẹ̀sì náà ṣe, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣó o rántí oṣù méjì ààbọ̀ yẹn? Kí ni àgbo ọjọ́ méje fẹ́ bá ohun tó ń gba oṣù méjì ààbọ̀ ṣe?

Tó o bá ń gba abẹ́rẹ́ testosterone ní jíìmù kí igẹ̀ ẹ lè tóbi, sọ fún dókítà, ó máa ń dá iṣẹ́ kórópọ̀n dúró. Tó o bá ti ṣe àtọ̀sí rí, tàbí tí ṣegede mú ẹ nígbà tó o ti dàgbà, sọ ìyẹn náà, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá wá sọ fún ẹ pé staph, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí kan, ló jẹ àtọ̀ ẹ tán, ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Tí résọ́ọ̀tì bá jáde, má ya fọ́tò ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp o, dókítà ni kó o gbé e fún.