Sítíárìn wo ni kí n kọ́kọ́ rà láti fi ṣe drift?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ ni mò ń gbé ní Àkúrẹ́. Mo ní laptop tó ní káàdì géèmù, mo sì ní PS4. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, mo fẹ́ máa fi drift, ìyẹn mímú kí mọ́tò máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú géèmù, najú, n kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹni tó ń ta ọjà géèmù ní Arákálẹ̀ fi sítíárìn géèmù mẹ́ta hàn mí: ọ̀kan kékeré olówó pọ́ọ́kú tí kò ní force feedback, Logitech G29 tòkúnbọ̀, àti ọ̀kan tó jọ G29 gan-an àmọ́ tí owó rẹ̀ kéré sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ní sùúrù, kí n tu owó jọ fún sítíárìn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Moza R5. Èwo ni kí n rà? Ṣé dandan ni kí n ra ọ̀pá jíà mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, G29 tòkúnbọ̀ yẹn ni kí o rà, bí ó bá yege nínú àyẹ̀wò tí n ó sọ fún ọ. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu dídùn ta nǹkan mìíràn fún ọ.

Bí ìdí mọ́tò bá ti yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà iwájú kì í tẹ̀lé ibi tí imú mọ́tò kọ sí mọ́. Ibi tí mọ́tò gan-an ń lọ ló máa ń fẹ́ kọjú sí. Sítíárìn yóò fúnra rẹ̀ sáré yí sí òdìkejì. Ẹni tó mọ drift kì í bá a jà. Yóò la ọwọ́, yóò jẹ́ kó máa sá kọjá bí okùn ṣe ń sá lọ́wọ́ ẹni tó sọ dórò sínú kànga, yóò wá dì í mú níbi tó yẹ kó dúró. Force feedback ni iṣẹ́ tí mótò kékeré oníná tó wà nínú sítíárìn géèmù ń ṣe, òun ló ń mú kí o mọ ohun tí táyà iwájú ń ṣe. Èyí tí kò ní in, rọ́bà tàbí sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀, àárín ló sì ń fà á sí nígbà gbogbo. Wo bí ìyẹn ṣe burú tó: àkókò tó yẹ kí sítíárìn sá lọ sí òdìkejì gan-an ni rọ́bà ń fà á bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í yí tó ìyípo kan, nígbà tí G29 ń yí 900 dígírì, ìyẹn ìyípo méjì àtààbọ̀. Má fi owó rẹ ra èyí kékeré yẹn, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ nípa Moza R5. Orí mótò oníná yẹn gan-an ni sítíárìn rẹ̀ jókòó lé, kò sí eyín jíà tàbí bẹ́líìtì láàárín. Agbára tó fi ń yí tó 5.5 Nm (òṣùwọ̀n agbára yíyí nìyẹn), ti G29 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 2 lọ. Ṣùgbọ́n nínú drift, yíyára sítíárìn ló ṣe pàtàkì ju agbára rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni G29 ti rẹlẹ̀, torí eyín jíà ló ń yí i. Ó ń lọ́ra, ó sì ń pariwo. Àléébù yìí ní oògùn. Nínú géèmù, dín yíyí rẹ̀ kù sí àárín 540 sí 720 dígírì, kó lè tètè dé ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà, wọ inú G HUB, ètò Logitech tí a fi ń tún sítíárìn tò lórí kọ̀ǹpútà, kí o pa centering spring, ìyẹn ohun tó máa ń fa sítíárìn padà sáàárín. R5 kì í bá PS4 ṣiṣẹ́ rárá, o kò sì tíì mọ̀ bóyá wàá ṣì fẹ́ràn drift lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Jẹ́ kó dúró ná.

Èyí tó jọ G29 yẹn, ó dá mi lójú díẹ̀ pé G920 ni. Wo bọ́tìnì ojú rẹ̀: bí o bá rí A, B, X àti Y, ti Xbox àti kọ̀ǹpútà ni, PS4 rẹ kò ní gbà á. Bó bá jẹ́ laptop nìkan lo fẹ́ lò, rà á, ìkan náà ni wọ́n nínú drift.

Laptop ni èmi náà fara mọ́. Géèmù ọkọ̀ wíwà kan tó ń jẹ́ Assetto Corsa, tí Kunos Simulazioni ní Ítálì gbé jáde ní 2014, kò béèrè káàdì ńlá. Àwọn ènìyàn ti ṣe ọkọ̀ drift àti ojú ọ̀nà rẹpẹtẹ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ti PS4 kì í gbà. Bí o bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, o lè máa ṣe é láìsí dátà. Gran Turismo 7, géèmù ọkọ̀ wíwà ti PS4, ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ohunkóhun láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Má ra ọ̀pá jíà. Jíà kejì tàbí ìkẹta lo máa wà jù, ìtẹ̀ ẹ̀yìn sítíárìn sì tó fún ìyẹn. Pẹ́dà mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ má sí, G29 sì ní wọn: bí o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí o yára fi í sílẹ̀ nígbà tí tọ́tù wà nílẹ̀, táyà ẹ̀yìn yóò yọ̀. Mo ń sọ ti géèmù o. Má dán an wò ní òpópónà Ọba Adésídà, ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Háńbíréèkì ló yẹ kó ṣáájú jíà. Kọ́kọ́ fi í sí bọ́tìnì kan lójú sítíárìn. Bí owó bá dé, ra ti USB tó ń mọ ibi tí o fà á dé, kì í ṣe èyí tó kàn ń tàn tó ń kú.

Owó tó kù, gbé e fún káfíńtà. Tábìlì rọ́bà yóò máa tẹ̀, yóò máa mì, gbogbo ohun tí sítíárìn ń sọ fún ọ yóò sì sọnù síbẹ̀. Ní kó kan tábìlì onípákó líle tó ga dé orí itan rẹ, kó sì fi pákó gígùn kan so ẹsẹ̀ àga mọ́ ibi tí pẹ́dà wà, torí bíréèkì G29 le, bí o bá ń tẹ̀ ẹ́, àga yóò máa sún sẹ́yìn. Má lo àga ọ́fíìsì oníkẹ̀kẹ́. Lásìkò ọyẹ́, fi aṣọ bo pẹ́dà. Eruku a máa wọ inú rẹ̀, tọ́tù yóò wá máa fò lójú géèmù láìjẹ́ pé o tẹ̀ ẹ́.

Gbé laptop lọ sí Arákálẹ̀ kó o tó sanwó. Bí wọ́n bá ti fún sítíárìn ní iná tí wọ́n sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò fúnra rẹ̀ yí sọ́tùn-ún sósì, yóò sì padà sáàárín. Gbé ọwọ́ kúrò nígbà yẹn. Bí kò bá yí, ó ṣeé ṣe kí mótò oníná inú rẹ̀ ti kú. Yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbọ́ bóyá ó ń họ. Tẹ pẹ́dà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, kí o máa wò ó lójú kọ̀ǹpútà bóyá ó ń gòkè geere tàbí ó ń fò. Rí i pé ṣájà tirẹ̀ gan-an ló bá a wá. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí o tan án wò, fi í sílẹ̀ fún un.